Orúkọ Ta Ni Kí N Kọ? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Òṣèrébìnrin Kan

Lẹ́tà kan dé ọwọ́ mi láti Èkó. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò fẹ́ kí a dárúkọ òun, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹni ọdún 49 ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ogún ọdún ni mo ti ń ṣe eré, mo sì ti wà nínú fíìmù tí n kò lè ka iye wọn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọ ilé ọkọ. Ọkọ àkọ́kọ́ ni mo bí ọmọbìnrin mi fún, Kánádà ni ọmọ náà ń gbé báyìí. Ìgbéyàwó kejì kò pé ọdún mẹ́ta tí ó fi tú ká. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré kan fún mi. Nọ́ọ̀sì gbé fọ́ọ̀mù wá pé kí n kọ orúkọ ẹni tí àwọn lè pè bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀. Mo di bírò mú, n kò rí orúkọ kọ. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ti bá mi ya fọ́tò kí ó tó gbé fọ́ọ̀mù náà wá o. Nígbà tí ó pẹ́, orúkọ awakọ̀ mi ni mo kọ. Ọkùnrin kan ń wá mi lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni ọdún 56 ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ní òun fẹ́ fi mí ṣe aya. Ṣé kí n gbà fún un kí ìdánìkanwà yìí lè tán? Àbí iṣẹ́ eré ni kì í jẹ́ kí obìnrin ní ẹni tirẹ̀? Mo ní ọ̀rẹ́ kan tẹ́lẹ̀, a jọ kọ́ṣẹ́ ni. Ó ti fi eré sílẹ̀, àdìrẹ ni ó ń tà ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. A kò bára wa sọ̀rọ̀ láti ọdún 2017, nítorí pé lókéṣọ̀n ni mo wà nígbà tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Bóyá ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ yìí."

Ẹ kú ewu, àbúrò mi. Ìkíni yìí ni ó yẹ kí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu ẹni mẹ́wàá kí lẹ́tà yín tó dé ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n mo fura pé ẹ kò gbọ́ ọ lẹ́nu ju ẹnì kan tàbí ẹni méjì lọ, nítorí pé ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹ wọ ilé ìwòsàn. (Bí mo ṣe ń pè yín ní àbúrò tí mo sì ń bá yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ọdún 17 ni mo fi jù yín lọ, ṣùgbọ́n obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ti ń dá ilé tirẹ̀ gbé kì í ṣe ẹni tí à ń pè ní "ìwọ" lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.)

Ìbéèrè méjì ni ẹ bi mí: ọ̀kan lórí ọkùnrin yìí, èkejì lórí iṣẹ́ yín. N ó dáhùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí fọ́ọ̀mù yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ ni ẹ fi parí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà kò béèrè ọkọ lọ́wọ́ yín. Ẹni tí a lè pè ni ó béèrè. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ wà nílé ọkọ kejì: bí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú yín nígbà náà, òótọ́ ni pé orúkọ ọkọ yín ni ẹ bá kọ, nítorí ojú ayé, ṣùgbọ́n ta ni ọkàn yín ì bá fẹ́ kí wọ́n pè? Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ aláàdìrẹ yẹn ni, a jẹ́ pé kì í ṣe ọdún tí ẹ jáde nílé ọkọ ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀, ọdún 2017 ni.

Robert Weiss, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1973 pé oríṣi méjì ni ìdánìkanwà. Nínú èkíní, ènìyàn kò ní ẹnì kan pàtó tí ọkàn rẹ̀ lè fẹ̀yìn tì. Nínú èkejì, kò ní agbo, kò sí ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀, tí wọn ó fi béèrè pé "Lágbájá dà?" bí kò bá yọjú. Ohun tí ó tẹnu mọ́ jù lọ ni pé ọ̀kan kò lè dí àlàfo èkejì. Ìyàwó tí ó bá ọkọ rere ṣí lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni lè wà nínú ìnira, kí ọkọ náà má sì mọ ohun tí òun ṣe. Opó tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí yí ká lè máa sunkún lóru, kí inú máa bí àwọn ọ̀rẹ́ pé kí ni ó tún kù tí àwọn kò ṣe. Ẹni tí kò bá mọ èwo ni ó ń ṣe òun yóò máa fi oògùn inú rírun wo ẹ̀yìn dídùn.

Tiyín, bí mo ṣe kà á, ó ní díẹ̀ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ti èkíní ni ó wúwo jù. Yorùbá sì ti ní orúkọ fún ẹni tí ẹ ń wá: alábàárò. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò, ẹni tí ó ń báni ro nǹkan ni. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ọkọ. Nínú agbo ilé tí mo ti dàgbà, n kò rí ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ alábàárò rẹ̀; àwọn ọkọ wà, wọ́n ń ṣe ojúṣe wọn, a kì í fojú di wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá mi ń lọ bá nígbà tí nǹkan bá dé ni obìnrin kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Wọn yóò jókòó, wọn kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyá mi yóò sì padà wálé pẹ̀lú ojú tí ó ti rọ̀.

Àwọn òǹwòran yín kò lè ṣe èyí fún yín, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ní ọdún 1956 ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan, Horton àti Wohl, ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó bá ń wo ènìyàn nínú tẹlifíṣọ̀n lemọ́lemọ́ yóò gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun àti onítọ̀hún ti mọra, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ èkejì nínú àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ọ̀sì yín ṣàlàyé rẹ̀. Obìnrin yẹn ti rí ẹkún yín, bóyá ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, lórí fóònù rẹ̀. Ó mọ bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ mú orí, ó mọ bí ohùn yín ṣe ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ jókòó sí iwájú rẹ̀ gan-an, tí ẹ di bírò mú, tí ẹ kò kọ nǹkan kan, kò rí i. Ojú rẹ̀ ti kún fún èyí tí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ó bá yín ya fọ́tò lónìí, tí wọ́n ń pè yín ní "mọ́mì" àti "ìyá wa" nísàlẹ̀ àwòrán, inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, òun náà ni ó ń mú oúnjẹ wá sílé yín, kí a má parọ́. Ẹ kàn má ka iye wọn mọ́ iye àwọn tí ẹ ní. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa rò pé aláìmoore ni òun nígbàkúùgbà tí àárẹ̀ ọkàn bá dé, yóò ní "pẹ̀lú gbogbo ènìyàn tí ó fẹ́ràn mi yìí", ìtìjú yóò sì tún gorí ìbànújẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ìtìjú yẹn: nínú ìjábọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2025, wọ́n sọ pé nínú ènìyàn mẹ́fà lágbàáyé, ẹnì kan ń jẹ ìyà ìdánìkanwà, àti pé ó ń ṣe ìpalára fún ara gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún ọkàn. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, kì í sì í ṣe ìwà yín ni ó fà á.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ eré wá ni ó fà á? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ jókòó tì jù, nítorí pé mo rí iṣẹ́ náà láti kékeré. Àbúrò ìyá mi obìnrin bá ẹgbẹ́ eré alárìnkiri kan lọ ní àwọn ọdún 1970, ìgbà tí wọ́n ń fi mọ́tò ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kó ènìyàn, ìlù, aṣọ eré àti ẹ̀rọ amúnáwá láti ìlú dé ìlú. Inú kíláàsì ilé ìwé ni wọ́n ń sùn, wọn yóò ti àga sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn yóò tẹ́ ẹní. Àwọn obìnrin ń dirun fún ara wọn ní ọ̀sán kí eré alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún mi pé nígbà tí ibà dá òun dùbúlẹ̀ ní Ìkàrẹ́, obìnrin tí ó ń ṣe ìyálé òun lórí ìtàgé, tí ó ń bú òun lálaalẹ́ níwájú àwọn òǹwòran, ni ó fi omi gbígbóná wẹ òun, tí ó ta aṣọ méjì tí ó gbé dání kí owó oògùn lè pé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà pọ̀. Wọ́n jà, wọ́n jowú, wọ́n ṣe òfófó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sùn nínú wọn kí àwọn yòókù má mọ̀ pé kò tíì jẹun.

N kò sọ èyí láti fi ayé àtijọ́ ṣe ọ̀run. Owó tí wọ́n ń san fún wọn kò tó nǹkan, àwọn ẹbí sì ka eléré sí ẹni tí kò ṣe é fi ṣe aya. Ìdí nìyí tí Hubert Ogunde, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, fi ń gbé àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó: bí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá ti mọ iṣẹ́ náà dáadáa tán, tí ó sì lọ sílé ọkọ níbòmíràn, ọkọ àti àwọn àna kò ní gbà kí ó padà sórí ìtàgé. Ọkọ tún di ọ̀gá, ẹlẹgbẹ́ ẹni níbi iṣẹ́ tún di orogún. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò ṣàìní ènìyàn, àmọ́ èwo nínú ìyẹn ni ìfẹ́, èwo ni iṣẹ́, èwo ni àìríbi-sá-sí? Àwọn nìkan ni ó lè sọ. Ẹ sì wo Olóyè Abíọ́dún Dúró-Ládípọ̀, ẹni tí ó ń ṣe Ọya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ tí ó ń ṣe Ṣàngó nínú eré Ọba Kò So. Ní ọdún 1978 ni Dúró Ládípọ̀, ọkọ rẹ̀, kú. Ìyàwó rẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ ni ó ṣì ń gbé eré náà kiri. Mo máa ń rò ó pé ohun tí ó kù fún un lẹ́yìn ikú ọkọ ju orúkọ lọ: agbo kan ṣì wà tí ó ń dúró dè é pé kí ó wá wọ aṣọ Ọya.

Agbo yẹn ni ó tú ká. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 tí fídíò ti dé, tí a kò nílò mọ́tò ẹgbẹ́ mọ́, ẹgbẹ́ ń di orúkọ lásán, òṣèré sì ń di ẹni tí ẹni gbogbo lè pè lọ́kọ̀ọ̀kan. Lóde òní tí YouTube ti gba ipò ọjà fíìmù ní Ìdúmọ̀tà, ìyára rẹ̀ tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ó dé lókéṣọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọn yóò fi ọmọ kan hàn yín tí ẹ kò rí rí, wọn yóò ní ọmọ yín nìyẹn. Kí ó tó di ọ̀sán ẹ ó ti dì mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ ó ti sunkún sí i léjìká. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì wọn yóò fi owó tí ó kù ránṣẹ́ sínú àkáǹtì yín, ó di gbéré. Ara yín kò mọ̀ pé eré ni. Ó ti ná ìfẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ti ná ìbẹ̀rù, ó ti ná ìdáríjì, nígbà tí ẹ bá sì ti ilẹ̀kùn ilé yín ní aago méjì òru, àpò ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ohunkóhun fún yín. Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín ni pé iṣẹ́ eré kọ́, bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ eré báyìí ni.

Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Jeffrey Hall, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2018 lórí iye àkókò tí ó ń gba ènìyàn kí ó tó di ọ̀rẹ́ ẹlòmíràn. Ó rí i pé ó ń tó nǹkan bí wákàtí 50 kí ẹni tí a kàn mọ̀ lójú tó di ọ̀rẹ́ pẹ́rẹ́, ó ń tó 90 kí ó tó di ọ̀rẹ́ gidi, ó sì ń ju 200 lọ kí ó tó di ọ̀rẹ́ àtàtà. Wákàtí tí a fi ṣiṣẹ́ pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kà. Èyí tí a fi jókòó, tí a fi jẹun, tí a fi ṣàwàdà, tí a fi ṣe àìṣe-nǹkan-kan ni ó ń kà. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ẹ lè bá òṣèré kan ṣiṣẹ́ nínú fíìmù ogún, kí ẹ mọ bí ó ṣe ń ṣẹ́jú, kí ẹ má mọ ibi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Nígbà tí mo wà ní kékeré mo rò pé ikú ni wọ́n ń sọ. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọ̀rọ̀ ibùgbé ni ó ń mú ogún náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti obìnrin tí ó bá jáde nílé ọkọ, ó tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lẹ́yìn tí ìgbéyàwó kejì tú, àwọn ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n wà nílé ọkọ kò pè yín sí ìkómọ mọ́ bí wọ́n ṣe ń pè yín tẹ́lẹ̀. Adálémoṣú ni ọ̀rọ̀ tí wọn kò jẹ́ sọ lójú yín, àti pé òṣèré tún ni yín, ẹni tí ojú àwọn ọkọ wọn ti mọ̀. Wọ́n ṣì ń fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́, nítorí pé wíwá yín ń mú òde wọn dùn. Ẹ ń ra aṣọ náà, ẹ ń lọ, ẹ ń ná owó, wọ́n ń mú yín jókòó sí tábìlì iwájú, ẹ sì ń padà wálé pẹ̀lú ike àti abọ́ tí wọ́n tẹ orúkọ ẹlòmíràn sí lára.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí wàyí. N kò mọ̀ ọ́n, n kò sì ní bá yín lé e dànù. Ẹni ọdún 56 tí ìyàwó rẹ̀ kú lè jẹ́ ẹni tí ó mọ iyì ọ̀rọ̀ àárín lọ́kọláya ju ẹni tí kò rí ikú rí lọ. Àmọ́ bí ẹ ṣe gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: "kí ìdánìkanwà yìí lè tán." Ẹ ti ní kí ó wá ṣe ọkọ, kí ó ṣe ọ̀rẹ́, kí ó ṣe ẹgbẹ́, kí ó ṣe ọmọ tí ó wà ní Kánádà, kí ó sì jẹ́ orúkọ tí ẹ ó kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ọkùnrin tí ó bá gbé gbogbo ẹrù yẹn fún oṣù mẹ́fà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níta, ẹ ó sì ní ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà ní ìdánìkanwà tirẹ̀. Ilé tí ìyàwó ti kú ń dún ní òru. Ẹni méjì tí ebi ń pa kì í gbọ́ únjẹ fún ara wọn dáadáa, ọwọ́ kánkán ni wọ́n fi ń dáná.

Nítorí náà, ẹ má sọ "bẹ́ẹ̀ ni," ẹ má sọ "bẹ́ẹ̀ kọ́." Ẹ ní kí ó ṣe sùúrù. Ẹ wá fi ojú sí àwọn nǹkan kéékèèké: Ṣé ó ń gbé yín jáde nítorí yín tàbí nítorí kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí ẹni tí ó gbé jáde? Ṣé ó lè jókòó nílé yín fún wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ tí ẹ kò kun nǹkan kan sójú, tí ẹ̀yìn ń dùn yín, tí ẹ kò sì ní ìtàn lókéṣọ̀n kankan láti sọ? Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu rẹ̀, àbí inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò ti kà á? Ṣé ó lè dárúkọ ìyàwó rẹ̀ tí ó kú níwájú yín láìfi yín wé e? Bí ìdáhùn sí àwọn wọ̀nyí bá dára títí di ọdún tí ń bọ̀, a ó tún sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì rí i nígbà náà pé ẹ kò nílò ọkọ kankan mọ́, ìyẹn náà kì í ṣe àrùn. Mo mọ àwọn obìnrin tí wọ́n ń dágbé, tí ara wọn yá ju ti àwọn aládùúgbò wọn tí ó ní ọkọ lọ.

Kí n yára sọ èyí kí n tó gbàgbé: ní ọjọ́ orí yín, láàárín 45 sí 55, ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin ń dúró. Ó lè dá oorun dúró, ó lè mú kí ooru máa ru yín lójijì, kí ọkàn sì máa wúwo láìnídìí. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀. Mo ti rí ẹni tí ó kọ ọkọ sílẹ̀ nítorí ohun tí oorun oṣù mẹ́ta ì bá yanjú.

Ohun tí mo rí gẹ́gẹ́ bí ìdí lẹ́tà yín ni gbólóhùn tí ẹ ní bóyá kò kan ọ̀rọ̀ náà. Nínú gbogbo lẹ́tà yín, ọ̀rẹ́ yẹn nìkan ni ẹ sọ iṣẹ́ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ọjà rẹ̀, àti ọdún tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Ọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ yín, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ikú ìyàwó rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. N kò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ẹ ó ní ó ti pẹ́ jù. Ẹ ó ní bí ó bá fẹ́ yín ni, òun náà ní fóònù. Ẹ wò ó: obìnrin yẹn ti wà nínú iṣẹ́ náà rí, ó mọ ohun tí lókéṣọ̀n jẹ́, ó mọ̀ pé bí òṣèré kan bá kúrò ní ọjọ́ kejì, owó olówó ti ṣòfò. Kì í ṣe nítorí pé kò lóye ni ó ṣe ń bínú, nítorí pé ó lóye ni. Ó mọ̀ pé ẹ lè béèrè wákàtí márùn-ún. Ẹ kò béèrè, tàbí ẹ kò béèrè pẹ̀lú ohùn tí ẹ ń lò nígbà tí nǹkan bá ká yín lára gan-an, ohùn tí òun mọ̀ dáadáa nítorí pé ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ jọ kọ́ ọ. Irú ìbínú bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ àtàtà nìkan ni ó ń bí i. Ẹni tí kò ka yín sí kò ní rántí pé ẹ kò wá.

Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan kò fi sọ̀rọ̀ nítorí owó ẹgbẹ́ kan tí kò tó ra bàtà. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí ó dá mi dúró ni pé mo ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò mú mi dà bí ẹni tí kò jẹ̀bi púpọ̀ jù. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá a. Kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èdè wa. Nígbà tí mo débẹ̀, mo ní "Mo ṣẹ̀ ọ́ o," ó ní "Wọlé, òjò fẹ́ rọ̀."

Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe é nìyí. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ ṣáájú. Owó tí ó bá ṣáájú ẹsẹ̀ ti di owó ìtánràn. Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òṣèré ni yín, yóò gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí eré. Ẹ wá ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kò sí. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ń dúró ní Abẹ́òkúta, ẹ lè sọ fún awakọ̀ yín kí ó sinmi lọ́jọ́ náà. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ fi ń wà nílé. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe "ó tójọ́ mẹ́ta," kì í sì í ṣe "mo ti ń rò ọ́." "Kú ará fẹ́ra kù" ni, nítorí ìyá rẹ̀, bí ẹni pé àná ni wọ́n sin ín. Lójú rẹ̀, ní ti ọ̀rọ̀ àárín ẹ̀yin méjèèjì, àná náà ni. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè bí ìsìnkú ṣe lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹni tí ó wá, oúnjẹ tí kò kárí, àbúrò bàbá tí ó dá ìjà sílẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé lókéṣọ̀n kankan àyàfi bí ó bá béèrè.

Ó lè má dáhùn dáadáa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó lè máa ká aṣọ tí kò nílò kíká. Ẹ jókòó. Wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ àádọ́ta, ni igba wákàtí tí ọ̀mọ̀wé yẹn wí, ẹ̀yin méjèèjì kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ó dájú pé àwọn oníbàárà yóò dá yín mọ̀, wọn yóò máa yọ fóònù, wọn yóò ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò. Ẹ sọ fún wọn pé àfi ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ra àdìrẹ, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọjà.